Báìtì 32 Létí Ìró Ìyá Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù sọ ní Ogbómọ̀ṣọ́, lọ́sàn-án Sátidé kan. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo júbà yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ wa tó fẹsẹ̀ rìn wá láti Under G, ẹ̀yin tó gun ọ̀kadà wá láti Tákíé àti Àrówómọ́lẹ̀, ẹ kú oòrùn. Mo rí àwọn mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti Ọ̀yọ́ wá. Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn ló mọ ohun tí ojú yín rí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí ní báìtì nínú kóòdù. Ẹni tó gbọ́ ọ lè ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣebí ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni? Ìlà kan ni lóòótọ́. Ìlà kan yẹn náà ló gba oorun lójú mi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, tí ó tún fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ lójú ìyá oníyàá. Màá sọ ọ́ fún yín tó bá yá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan. Ta ni nínú yín tó máa ti ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀, tó máa wá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àgádágodo, tó máa gba ọjà lọ? Kò sí, àbí? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣì máa rín in o, ẹ mú un dání ná.

Ìyá mi ta aṣọ ní ọjà Tákíé fún ọdún gbọọrọ. Àpótí onígi kan wà ní ìsọ̀ rẹ̀ tó ń kó owó àti ìwé gbèsè sí. Gbogbo èèyàn ló mọ àpótí náà. Àwọn oníbàárà ń jókòó lé e lórí, àwa ọmọ ń sùn lé e lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í sùn ní ìsọ̀. Màmá á ká etí ìró, á fi kọ́kọ́rọ́ sí i, á ta á ní kókó, á tún kókó yẹn ta lẹ́ẹ̀kan sí i, á wá kì í bọ ìbàdí. Tó bá fẹ́ ṣí àpótí, á kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo dàgbà tó báyìí, mi ò lè sọ fún yín bóyá irin ni kọ́kọ́rọ́ yẹn tàbí bàbà. Ẹ jẹ́ kí màmá dúró síbẹ̀ ná, a ń padà bọ̀ wá bá a.

Nọ́ńbà ni

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá wá nìyí: kọ́kọ́rọ́ àṣírí kì í ṣe fáìlì. Kì í ṣe àwọn lẹ́tà wúruwùru tí ẹ máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà ni. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, tó tóbi kọjá ohun tí ẹnu lè kà. Èyí tí Bitcoin ń lò, tí a bá kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ iye owó, ó lè gùn tó díjíìtì 78.

Ọdún 1976 ni Diffie àti Hellman gbé e jáde fún aráyé pé èèyàn lè ní kọ́kọ́rọ́ méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan gbangba, tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà, ọ̀kan àṣírí, tí ẹ kò gbọdọ̀ fi han ọmọ ìyá yín. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Rivest, Shamir àti Adleman gbé RSA kalẹ̀, ọ̀kan nínú irú kọ́kọ́rọ́ méjì bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí orúkọ Shamir yẹn, ó ṣì ń bọ̀.

Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ, òun ni ìwọ. Kọ̀ǹpútà ò mọ ojú, kò mọ ohùn, kò mọ ilà ojú. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà wá ló ni owó, òun náà ló ni ìbuwọ́lùwé. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń gbé nọ́ńbà tó tó báyìí sínú kọ̀ǹpútà? Kọ̀ǹpútà ò ní àpò ńlá. Àpò kéékèèké ló ní, báìtì là ń pè é. Báìtì kan kì í gbà ju nọ́ńbà kan lọ láti 0 dé 255. Ẹ kà á, 256 ni lápapọ̀. 256 yẹn, ṣé ẹ ò tíì gbọ́ ọ níbì kankan nílẹ̀ yìí?

Bàbá kan ní ìlà iwájú ni wọ́n dáhùn: "Odù Ifá!"

Ẹ ṣeun, sà. Odù Ifá ni. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ má bínú sí mi, mi ò wá dífá fún ẹnikẹ́ni. Òǹkà ni mo wá kà. Odù kọ̀ọ̀kan ní apá méjì, apá ọ̀tún àti apá òsì. Apá kọ̀ọ̀kan ní àmì mẹ́rin, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Àmì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ni tàbí kó jẹ́ méjì. Mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, mẹ́jọ nìyẹn. Bíìtì mẹ́jọ. Báìtì kan gééré, kò lé, kò dín.

Apá kan, ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún ni: Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí, títí dé Òfún. Ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù, kí lẹ ń pe mẹ́rìndínlógún yẹn? Hex! 0 dé 9, lẹ́yìn náà a dé f. Àmì hex méjì ló ń ṣe báìtì kan, gẹ́gẹ́ bí apá méjì ṣe ń ṣe odù kan. Ká ní ẹyọ kan dúró fún 1, kí méjì dúró fún 0. Ogbè á di f, Ọ̀yẹ̀kú á di 0. Èjì Ogbè á di ff, tíí ṣe 255. Ọ̀yẹ̀kú Méjì á di 00. Ìká-Ogbè ńkọ́? 4f ni, 79. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ wò nílé.

Nítorí náà tí wọ́n bá bi yín pé kí ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti Bitcoin, tàbí ti Ed25519, irú ìbuwọ́lùwé kan tí ọ̀pọ̀ yín fi ń wọ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún wa lókèèrè, ẹ ní odù méjìlélọ́gbọ̀n ni, tí a tẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Báìtì 32. Ẹ̀rọ ló ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ nígbà 32, kò sì gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú fún odù kankan. Ojúsàájú díẹ̀ ló ba ti Debian, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, jẹ́: wọ́n yọ ìlà kóòdù méjì nínú OpenSSL, ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti ń jáde, ní 2006, nígbà tí wọ́n fi máa rí i ní 2008, kọ́kọ́rọ́ tó lè jáde fún oríṣi àti ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kò ju 32,768 lọ. Ọmọ iléèwé lè fi kọ̀ǹpútà tó wà lórí itan rẹ̀ kà wọ́n tán.

Aṣọ tí à ń wọ̀ fún un

Ẹ jẹ́ á bọ́ sí apá kejì. Odù 32 yìí, báwo la ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ kó ṣeé fi ránṣẹ́, kó ṣeé dà kọ? Aṣọ la máa ń wọ̀ fún un, aṣọ náà sì pọ̀.

Tí ẹ bá wọ hex fún un, àmì 64 ni. Tí ẹ bá wọ Base64 fún un, ẹ̀rọ á máa kó báìtì mẹ́ta-mẹ́ta, á fi lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin pààrọ̀ wọn, báìtì 32 á di àmì 44. Àmì = tó máa ń jókòó sẹ́yìn yẹn, àlàfo ló fi ń dí. Àwọn ará Bitcoin ní Base58, tí wọ́n yọ òdo àti O ńlá kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n tún yọ I ńlá àti l kékeré, torí ojú máa ń tan èèyàn jẹ. Ìyẹn wù mí púpọ̀. Ẹni tó ṣe é ro ti ẹni tó máa fi bírò dà á kọ.

PEM ńkọ́, èyí tí wọ́n kọ BEGIN PRIVATE KEY sí lórí? Ìtàn ìyẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìmeèlì ni wọ́n rán aṣọ yẹn fún, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìmeèlì náà kò rí ọjà tà, aṣọ rẹ̀ ló kù tí gbogbo ayé ń wọ̀. Kì í sì í ṣe kọ́kọ́rọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ti Ed25519: tí ẹ bá tú u, báìtì 48 lẹ máa bá. 16 àkọ́kọ́ kì í yí padà láéláé, ó kàn ń sọ irú kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ ni. 32 tó kẹ́yìn ni kọ́kọ́rọ́ gan-an. Ẹni tó bá gbé gbogbo 48 fún ẹ̀rọ pé kó fi buwọ́ lùwé, ó fẹ́ mu ọtí tìgò-tìgò.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ wá ni pé, ṣé aṣọ yìí jẹ́ títì?

Láyé àwọn baba wa, tí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ó mọ ohun tó ń sọ: ẹẹ́fà ni, ọkàn òun ń fà sí ọ. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì jọ. Àrokò nìyẹn. Ọmọ tó gbé e lọ ńkọ́? Tí ọmọ yẹn bá mọ àrokò kà, ṣé kò ní kà á lójú ọ̀nà? Á kà á! Hex, àrokò ni. Base64, àrokò ni. Kí ẹ to nọ́ńbà 32 sínú kóòdù pẹ̀lú kọ́mà láàárín, àrokò ni, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n kà. Kíkọ kì í ṣe títì. Ẹ bá mi wí i. Kíkọ?

Gbogbo ilé: "Kì í ṣe títì!"

Ẹ tún un wí, àwọn tó ń tẹ fóònù lẹ́yìn ò gbọ́.

Ọmọ kan tó mọṣẹ́ dáadáa wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti encrypt kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú áàpù mi, mo ti tì í pa." Mo ní kó mú un wá ká wò ó. Mo wo iwájú rẹ̀, MII ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, àmì = méjì jókòó síbẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí mo ti mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ RSA ló wà nínú Base64. Mo kọ ìlà kan, mo tẹ Enter, ó bọ́ sílẹ̀ níhòòhò. Ojú ọmọ náà rẹ̀ wẹ̀sì. Kò sí bí a ṣe fẹ́ se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́.

Ibi tí ọwọ́ ti ń yọ̀

Apá kẹta. Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí, torí ibí ni ẹkún wà.

Ọmọkùnrin kan wá bá mi nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ń wá, iná ń lọ. "Ẹ gbà mí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ní kọ́kọ́rọ́ mi gùn jù." Mo wo hex rẹ̀, ó pé, àmì 64, kò ṣì í kọ. Mo wo kóòdù tó fi Python kọ, mo rí .encode() lẹ́yìn hex náà. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo ní kó tẹ báìtì náà jáde fún mi ní nọ́ńbà. Ó tẹ̀ ẹ́: 52, 102, 57, 97, 48, 99, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Wò ó dáadáa. Ṣé o rí 200 níbẹ̀? Ṣé o rí 3?" Ó wá a títí, kò rí i. Gbogbo wọn wà láàárín 48 sí 57, tàbí láàárín 97 sí 102. Kí ló fà á? 48 dé 57 ni kọ̀ǹpútà fi ń pe àmì 0 dé 9 nínú ìwé. 97 dé 102 ló fi ń pe a dé f. Ọmọ yìí kò fún ẹ̀rọ ní odù, orúkọ odù ló kọ fún un. 4f tó jẹ́ odù, báìtì kan ni, 79. 4f tó jẹ́ lẹ́tà, báìtì méjì ni, 52 àti 102. Ó dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kó gbé iṣu wá, tó kọ "iṣu" sí bébà, tó wá gbé bébà náà fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó yọ .encode(), ó fi bytes.fromhex, tó ń sọ hex di báìtì gidi, síbẹ̀. 64 di 32. Ó kígbe débi pé ará ilé kejì yọjú.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹ̀rọ tó kọ̀ fún un yẹn, oore ló ṣe é. Àwọn mìíràn wà tí kì í kọ̀. HMAC, bí àpẹẹrẹ, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe èdìdì sí ọ̀rọ̀, gígùn yòówù kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́, á gbà á. Á ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, èsì á jáde, kò kàn ní bá ti ẹni tó wà lódì kejì mu ni. Ẹ ó wá máa bú íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tí mo ní ó gba oorun lójú mi ńkọ́? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Mò ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kọ áàpù. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tó fi ń buwọ́ lu ìwé owó. Mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Ogún èèyàn wọlé, àádọ́ta wọlé, wọ́n lé ní igba. Ó wá kan màmá àgbàlagbà kan tó ń ta gàrí. Áàpù ní ìbuwọ́lùwé wọn kì í ṣe tiwọn. Mo tún un ṣe, ó kọ̀. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní kí wọ́n pa fóònù kí wọ́n tún un tàn. Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé fóònù mi ló bàjẹ́ ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ bá wa wá òmíràn." Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́jọ́ keje ni mo tó ka báìtì kọ́kọ́rọ́ wọn. Mélòó ni? 31! Ọ̀kan ti sọnù. Mo ti sọ fún Python pé kó wo bí nọ́ńbà náà ṣe tóbi tó, kó wá lo iye báìtì tó bá kájú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ màmá, òdo ló fi bẹ̀rẹ̀. Python wò ó, ó ní òdo tó wà níwájú kò jẹ́ nǹkan, ó jù ú nù. Lójú oníṣirò, kò jẹ́ nǹkan lóòótọ́, 007 àti 7 ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀yẹ̀kú Méjì kì í ṣe àyè òfìfo. Odù ni! Odù tó ní orúkọ, tó ní àyè tirẹ̀ lórí ọpọ́n. Kọ́kọ́rọ́ kan nínú 256 ló máa ń fi í bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí áàpù fi ṣiṣẹ́ fún igba èèyàn kó tó kọsẹ̀. Ohun tí mo wá kọ nìyí, ìlà kan: n.to_bytes(32, 'big'). Mo fẹnu sọ 32 fún un, mi ò jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yàn. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá. Wọ́n ti ra fóònù.

Ẹ̀yin tó ń lo Java, ẹ dákẹ́ ẹ̀rín. Tiyín tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Báìtì Java kì í lọ láti 0 dé 255, -128 dé 127 ni tirẹ̀, tí ẹ bá fi 200 síbẹ̀, -56 ló máa kà fún yín. Ìyẹn kò burú, ojú ló ń tàn. BigInteger, àpò tí Java fi ń gbé nọ́ńbà ńlá, ló burú. Tí báìtì àkọ́kọ́ kọ́kọ́rọ́ yín bá tó 128 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fi òdo kan síwájú rẹ̀ kó má bàa dà bí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo. 32 di 33. Ìdajì kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ti Python ń gé, ti Java ń fi kún un.

Kí n yára mẹ́nu kan ti ìtòtẹ̀lé. Babaláwo kì í bẹ̀rẹ̀ láti òsì, apá ọ̀tún ló ń ṣáájú. Ogbè lọ́tùn-ún, Ọ̀yẹ̀kú lósì, Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú nìyẹn, f0, 240. Ẹ yí i padà, ó di Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè, 0f, 15. Àmì kan náà, odù ọ̀tọ̀. Báìtì náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Bitcoin, láti ibi tó tóbi ni wọ́n ti ń tò ó, 'big' tí mo kọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ed25519, láti ibi tó kéré. Tí ẹ bá dà wọ́n rú, báìtì ṣì máa pé 32, kò ní sí error, kò ní sí ariwo. Ẹ ó kàn ní kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni.

Nínú kóòdù

Wàyí o, ẹ̀rín tí mo ní kẹ́ ẹ mú dání lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú un wá.

Ẹ ti ka báìtì yín, ó pé 32. Ẹ wá tò ó sínú kóòdù gbàǹgbà, key = báyìí báyìí. Ẹ ní, "Màá yọ ọ́ tó bá yá." Ṣé ẹ ti yọ ọ́? Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Àgádágodo nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ rèé lẹ́nu rẹ̀, ẹ sì ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí GitHub, ibi tí aráyé ti ń ka kóòdù ara wọn.

Ọmọ kan ṣe bẹ́ẹ̀, ó rántí lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó pa ìlà náà rẹ́, ó tún gbé e lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Owó ìdánwò díẹ̀ tó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó tó jẹ ẹ̀bà tán, ó ti lọ. Git, ètò tó ń pa ìtàn kóòdù mọ́, kì í gbàgbé nǹkan, ìdí tí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ẹ pa rẹ́ lónìí wà nínú ìtàn àná, róbọ́ọ̀tì sì wà tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa ka ohun tí ẹ gbé jáde ní ìṣẹ́jú tí ẹ gbé e jáde. Ẹyin lohùn. Kì í ṣe ọmọdé nìkan o. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, GitHub fúnra wọn kéde pé kọ́kọ́rọ́ àṣírí RSA tí wọ́n fi ń jẹ́rìí pé àwọn ni lórí SSH, ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọlé sọ́dọ̀ wọn láti òkèèrè, ti jáde sí gbangba fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò ní "a ti pa á rẹ́". Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá, gbogbo ẹni tó ń fi RSA wọlé sọ́dọ̀ wọn bá ìkìlọ̀ pàdé lójú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ohun tí à ń ṣe sí kọ́kọ́rọ́ tó já bọ́ nìyẹn: ẹ pààrọ̀ àgádágodo.

Àwọn ọlọ́gbọ́n àrékérekè wà láàárín yín, mo mọ̀ yín. Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò kọ ọ́ bí string, lẹ́tà tó so kọ́ra lójú kan. Mo fọ́n báìtì náà ká sínú áàpù, ta ló máa rí i?" Shamir tó dé nìyí. Ní 1999, òun àti Nicko van Someren kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kì í lè sá pamọ́ nínú kóòdù. Ìdí tí wọ́n fún un dùn mọ́ mi: kóòdù ní ètò, ó ń tún ara rẹ̀ sọ, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tó dára kò ní ètò kankan. Ibi tó bá ti dàrú jù nínú fáìlì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá a sí. Ẹ fi ojú inú wo ìsọ̀ aṣọ: àǹkárá ká léra, léèsì ká léra, aṣọ òfì ká léra, òkìtì kan wá rí jákujàku láàárín wọn. Olè ò ní béèrè ọ̀nà. Tí ẹ bá sì fọ́n ọn ká, kóòdù tó máa tún un kó jọ wà nínú áàpù yẹn náà, ṣé ẹ rí i?

Gbogbo báìtì kọ́ ló léèwọ̀ nínú kóòdù. Kọ́kọ́rọ́ gbangba, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri tó bá wù yín. Ti ìdánwò náà ò burú. RFC 8032 ti ọdún 2017, ìwé ìlànà tó ṣàlàyé Ed25519, tẹ kọ́kọ́rọ́ àṣírí ìdánwò jáde fún gbogbo ayé kí ẹ lè fi yẹ iṣẹ́ yín wò. Ẹ má ṣáà fi owó gidi sí abẹ́ irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀.

Ti gidi ńkọ́? Ẹ jẹ́ á padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Àpótí ń gbé ìsọ̀, kọ́kọ́rọ́ ń bá olówó lọ. Tó bá jẹ́ sáfà, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú fáìlì tó dá dúró, lóde kóòdù, tí olówó rẹ̀ nìkan lè ṣí, chmod 600, kí orúkọ fáìlì náà sì ti wà nínú .gitignore, ìwé ohun tí Git kò gbọdọ̀ gbé, kí ẹ tó ṣe commit àkọ́kọ́, kí Git tó kọ nǹkan kan sínú ìtàn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù oníbàárà, ẹ jẹ́ kí fóònù bí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fi pamọ́ sínú Keystore, àpótí títì inú fóònù, kó má jáde níbẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ tiyín ò ní iṣẹ́ kankan í ṣe nínú fóònù ẹlòmíràn. Kóòdù kàn ń béèrè ni: ó ka fáìlì, ó ka báìtì, tí kò bá pé 32, kó pariwo kó sì dúró. Kó má tẹ kọ́kọ́rọ́ náà sínú log, ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ ohun tó ṣe sí, o. Màmá máa ń kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ìbéèrè

Ọmọbìnrin kan nàwọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ìyá yín bá sọ ìró nù ńkọ́?"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Màmá ní kọ́kọ́rọ́ kejì, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àpákẹ́, tí wọ́n rán mọ́ inú ìrọ̀rí. Lẹ́yìn tí ó kú ni a tó mọ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó gbópọn tì í, títì gidi o, kì í ṣe Base64, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí ilé.

Ó tún nàwọ́. Ó ní Java lòun ń lò, ìbuwọ́lùwé òun ń ṣiṣẹ́ lónìí, kì í ṣiṣẹ́ lọ́la, òun ti rò pé fóònù ni. Mo ní kó gbé kọ̀ǹpútà wá síwájú. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún, bátìrì rẹ̀ ti kù díẹ̀. A ṣí i, ó tẹ gígùn rẹ̀ jáde, gbogbo ilé na ọrùn.

33. Mo ní kó ka ti àkọ́kọ́ fún wa.

Ó ní, "Òdo, sà."